Ohun Tó Bù Ú Jẹ: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣánnà Ètò Ìlera Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin Kọmíṣánnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá,

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, abúlé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. N kò kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹnikẹ́ni sùn. Ọ̀rọ̀ kan ló ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ létí ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá sí sẹ́ńtà ìlera wa. Ọmọ náà ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Wọ́n ti fi àkísà di ìka rẹ̀ kan, epo pupa sì ti rin àkísà náà gbingbin. Nígbà tí mo tú u, ojú eyín kéékèèké ni mo rí, bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló gún un. Àdán kan ló já bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé wọn, apá rẹ̀ ti ya, kò lè fò mọ́. Àánú ẹ̀ ṣe ọmọ náà. Ó ní òun fẹ́ gbé e padà sórí ẹ̀ka. Bó ṣe gbá a mú ni àdán náà deyín mọ́ ọn níka.

Mo ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀. Níbi tí a ti ń kọ ohun tó bu aláìsàn jẹ, wọ́n ti tẹ "ajá" síbẹ̀, wọ́n tẹ "ejò", wọ́n tẹ "àkeekèé", wọ́n wá tẹ "òmíràn". Mo fàmì sí "òmíràn". Mo ṣí fíríìjì, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, kò sí ti dìgbòlugi. Mo kọ ìwé lé ìyá àgbà náà lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa lọ sí ọsibítù ńlá nígboro. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ka owó tó so mọ́ ọn, ó tún un so. Ó wá bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé àdán náà máa ń ya dìgbòlugi bí ajá ni?"

N kò mọ èsì. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, n kò mọ èsì. Ọmọ náà yè, kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá àgbà náà ò fi mí lọ́rùn sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, mò ń ka ohun tí mo bá rí kà, mò ń bi àwọn dókítà ẹranko léèrè.

Èsì tó yẹ kí n fún un lọ́jọ́ yẹn rèé. Bẹ́ẹ̀ ni, màmá, dìgbòlugi ní ẹbí, àwọn kan nínú ẹbí náà sì ń gbé ara àdán. Ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú wọn. Ní 1956, ní Erékùṣù Èkó, àwọn oníwàdìí rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú ọpọlọ àdán ńlá tó ń jèso, irú èyí tó ń so rọ̀ lọ́gọ̀ọ̀rọ̀ lórí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí yóò máa ké láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, tí ojú ọ̀run yóò sì ṣú dùdù nígbà tí wọ́n bá gbéra lọ jẹun. Wọ́n sọ fáírọ́ọ̀sì náà ní Lagos bat virus. Ní 1968, wọ́n tún rí òmíràn lára asín ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, wọ́n sì sọ ìyẹn ní Mokola virus. Nígbà tó fi máa di 1970, àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọmọ ìyá dìgbòlugi ni àwọn méjèèjì. Ní 1971, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan kú ní orílẹ̀-èdè yìí, Mokola ni wọ́n sì rí nínú ọpọlọ rẹ̀. Kárí ayé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní orúkọ méjì yìí. Èmi tí mo ń di ọgbẹ́ ní ilẹ̀ tí orúkọ náà ti wá, ẹnikẹ́ni ò fi kọ́ mi.

Ẹnikẹ́ni ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé Lagos bat virus pa ènìyàn rí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ẹnu mi gbọ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń sin òkú lábúlé. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì ń mú, tó kú lọ́jọ́ kẹrin, ibà la máa ní ó pa á, tàbí ká ní ayé ló ṣe é. Ta ló yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò? Ohun tí a kò wá, a ò lè rí i.

Àwọn kan wá a, a sì jẹ wọ́n lọ́pẹ́. Ìdànrè ní ọdún àdán, èyí tí àwọn ọkùnrin, tàgbà tèwe, ń wọ inú ihò àpáta lọ láti mú àdán, tí wọ́n á sè é, tí wọ́n á jẹ ẹ́. Ní 2010 àti 2013, àwọn oníwàdìí lọ láti ojúlé dé ojúlé ní àgbègbè náà. Ènìyàn 2,112 ló ń gbé àwọn ilé tí wọ́n dé. Nínú wọn, 213 ló ti fọwọ́ kan àdán rí, tàbí tí àdán ti bù jẹ tàbí tó ti ya léèékánná. 52 ni àdán ti bù jẹ gan-an. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn náà wò, wọn ò rí ẹyọ ẹnìkan tí fáírọ́ọ̀sì ẹbí Lagos bat ti wọ̀ lára. Ẹ bá mi dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àdán tí wọ́n mú nínú ihò, ó ju ìdajì lọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé wọ́n ti pàdé ẹbí yẹn. Nínú ènìyàn 203 tí wọ́n bi léèrè lára àwọn tó ti fara kan àdán, 3 péré ló ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí.

Ẹni mẹ́ta nínú igba ó lé mẹ́ta. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rántí fíríìjì wa.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí a sọ láìfi bò. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó wà lọ́jà ò ṣeé gbára lé fún Lagos bat àti Mokola, nítorí pé àwọn méjèèjì ti jìnnà sí dìgbòlugi ajá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí ni wọ́n. A ṣì nílò abẹ́rẹ́ náà gidigidi, torí pé nínú 100 ẹni tí dìgbòlugi pa láyé, ajá ló kó o ran bíi 99. Èyí tó wá yẹ ká tẹnu mọ́ fún ẹni tí àdán bù jẹ ni ọṣẹ. Ọ̀rá ni aṣọ tí àwọn fáírọ́ọ̀sì yìí wọ̀ sára, gbogbo obìnrin tó ti fọ ìkòkò ọbẹ̀ rí ló sì mọ ohun tí ọṣẹ máa ń fi ọ̀rá ṣe. Ẹ gbé ọwọ́ ọmọ náà sábẹ́ omi tó ń dà, ẹ fi ọṣẹ bò ó, ẹ máa fọ̀ ọ́, ẹ tún fi ọṣẹ sí i, ẹ tún fọ̀ ọ́, títí ìṣẹ́jú 15 yóò fi pé. Ìṣẹ́jú 15 gùn o. Ọmọ á ké, ìyá á ní ó tó, apá nọ́ọ̀sì á máa ro ó. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, bóyá ìṣẹ́jú kan ni mo fi nù ún pẹ̀lú òwú àti sípíríìtì, mo sì rò pé mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Epo pupa tí wọ́n fi di í wá kò lè ṣe nǹkan kan fún un.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ bí wọ́n bá ka ibi tí mo dé yìí. Wọ́n á ní kí a pa àdán run. Kí a gé igi tí wọ́n ń sùn sí, kí a ti iná bọ ẹnu ihò, kí a pe ọdẹ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́ tiwọn. Wọ́n ti dán an wò níbìkan. Ní 2007, àrùn Marburg mú àwọn awakùsà ní ihò Kitaka, ní Uganda. Àdán kan tó máa ń gbé inú ihò ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì àrùn yẹn kiri láìṣàìsàn. Àwọn awakùsà bá di ẹnu ihò, wọ́n ta àwọ̀n, wọ́n pa àdán lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún títí wọ́n fi rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àdán padà. Wọn ò pọ̀ tó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ní 2012, 13 nínú 100 ni fáírọ́ọ̀sì wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ bíi 5 nínú 100 ni kí wọ́n tó pa wọ́n. Lọ́dún 2012 yẹn kan náà ni Marburg tún bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ohun tí àwọn oníwàdìí rò ni pé ihò tó ṣófo pe àwọn àdán tuntun wọlé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì kó àrùn náà rí, ara irú wọn ni fáírọ́ọ̀sì sì ti máa ń ráyè gbilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti ọbẹ̀. Igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, òru ni òdòdó rẹ̀ ń ṣí. Ẹ ti rí òdòdó náà, ó pupa, ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù, ó so rọ̀ sórí okùn gígùn kúrò láàárín ewé. Àdán ni Ọlọ́run fi òdòdó yẹn sílẹ̀ fún. Wọ́n á wá lá omi dídùn inú rẹ̀, àtíkè òdòdó á lẹ̀ mọ́ wọn nírun, wọ́n á gbé e dé orí igi mìíràn, ibẹ̀ ni igi irú ti ń rí ohun so. Ìrókò náà ń bẹ. Ní Gánà, àwọn onímọ̀ igbó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé àdán ńlá wa yìí ni olórí ẹni tó ń gbé kóró ìrókò jìnnà sí abẹ́ ìyá rẹ̀. A ti gé ìrókò tó pọ̀. Bí a bá tún pa ẹni tó ń gbìn ín, ta ni yóò bá wa gbin òmíràn?

Nítorí náà, àyè ni kí a bọ̀wọ̀ fún, kí tiwa má wọ tiwọn. Bàbá mi ní àbúrò kan tó jẹ́ adẹ́mu. Ní ìdájí, bó bá sọ agbe kalẹ̀ látorí ọ̀pẹ, òun ló máa kọ́kọ́ yọ oyin àti eṣinṣin inú rẹ̀ dànù. Ó máa ń fi ìgbẹ́ àdán tó gbẹ mọ́ ọrùn agbe hàn wá, á rẹ́rìn-ín, á ní àwọn oníbàárà òun ti wá lóru. Ó á sẹ́ ẹmu náà, a ó sì mu ún. Ohun tí à ń ṣe nìyẹn láti kékeré, bí a ṣe ń sáré lọ ṣa máńgòrò tí àdán ti jẹ kù, tí a ní èyí tí àdán bá mú ló dùn jù.

Nílẹ̀ Bangladesh, omi igi dàbínù ni wọ́n ń dá bí a ṣe ń dá ẹmu. Láti 2001 ni àrùn kan tó ń jẹ́ Nipah ti ń jà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdọọdún, tó bá sì mú ènìyàn mẹ́wàá, ó máa ń pa bíi méje. Àwọn oníwàdìí gbé kámẹ́rà tó ń ríran lókùnkùn sórí igi, wọ́n rí àdán tó ń lá omi náà níbi tó ti ń ṣàn, tó ń tọ̀ sínú ìkòkò. Àtúnṣe rẹ̀ ò la owó gọbọi lọ. Wọ́n hun ọparun bí ẹní, wọ́n fi yí ibi tí wọ́n dá lára igi náà ká títí dé ẹnu ìkòkò, àdán ò sì lè débẹ̀ mọ́. Nígbà tí àrùn yìí kọ́kọ́ yọjú ní Màléṣíà ní 1998, ẹlẹ́dẹ̀ ló gbà wọlé: wọ́n gbin igi eléso sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, àdán ń jẹ èso lókè, àjẹkù ń bọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ènìyàn 265 ló mú, 105 kú, ẹlẹ́dẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n sì pa.

Wọn ò tíì rí Nipah fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ní Gánà, lára irú àdán tó wà ní Ifẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n ti rí àmì fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, wọ́n sì ti rí àmì irú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ilé. Àdán ò mọ bọ́dà. Ó tó kí adẹ́mu ilẹ̀ wa fi imọ̀ ọ̀pẹ bo agbe rẹ̀ lónìí, kí ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ má so wọ́n mọ́ abẹ́ máńgòrò. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ yín sọ fún wọn ní èdè wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, kó má jẹ́ pé ọlọ́pàá ni yóò lọ fọ́ agbe.

Marburg náà ti ń bẹ́ sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Gíní ní 2021, Gánà ní 2022, Rùwáńdà ní 2024, níbi tó ti mú ènìyàn 66, tó pa 15. Ẹ wo ti Rùwáńdà dáadáa, nítorí pé àrùn yìí lè pa ju ìdajì àwọn tó bá mú lọ. Wọ́n tètè rí àwọn tó mú, wọ́n sì tọ́jú wọn gidi, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ yè.

Àwa náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ní oṣù keje ọdún 2014, nígbà tí Ebola gba pápákọ̀ òfurufú Èkó wọlé, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kí aláìsàn tó gbé e wọlé jáde kúrò ní ọsibítù wọn. Àrùn náà mú 20 ènìyàn ní Nàìjíríà, ó pa 8, Dókítà Adadevoh wà lára wọn. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé a ti bọ́. N kì í lè sọ ìtàn yẹn kí ojú mi gbẹ.

Ṣùgbọ́n mo rántí ohun mìíràn nínú oṣù kẹjọ yẹn. Ní òru ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún kárí ilé, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Ebola má bàa mú wọn. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni ìyá tó ń tajà lójúde wa, ó ti mu kọ́ọ̀bù méjì kí n tó débẹ̀. Àwọn kan kú nítorí omi iyọ̀ yẹn ní orílẹ̀-èdè yìí. Irọ́ yẹn dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọ̀rọ̀ ìjọba tó dé, ohun tó fà á kò sì ju pé ìjọba ò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ rí kí wàhálà tó dé. Ẹni tí a kò bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ara le, kò ní gbọ́ tiwa nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á.

Ohun tí mo ń tọrọ ò pọ̀. Kí omi àti ọṣẹ wà ní gbogbo sẹ́ńtà, kí ẹni tó ń gba aláìsàn mọ̀ pé ìṣẹ́jú 15 ni. Kí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi sún mọ́ abúlé débi pé owó ọkọ̀ ò ní dí ìyá kan lọ́wọ́. Ní ti Ìdànrè, ẹ lọ bá Kábíyèsí àtàwọn àgbà jókòó. Àjogúnbá wọn ni ọdún àdán, kò sí ẹni tó lè fi òfin gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ bá wọn jíròrò ìbọ̀wọ́ tó nípọn fún àwọn tó ń wọ ihò, ẹ jẹ́ kí ọmọdé dúró síta, kí àwọn tó ń wọlé gba abẹ́rẹ́ ṣáájú, kí omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ihò. Ẹ fún àwọn dókítà ẹranko àtàwọn oníwàdìí tó wà n'Ìbàdàn àti Ifẹ̀ lówó láti máa yẹ àdán wò lọ́dọọdún. Kò yẹ kó jẹ́ àwọn àlejò ni yóò máa wá sọ ohun tó wà lórí igi wa fún wa.

Ìyá àgbà yẹn ti di olóògbé. Ọmọ tí àdán bù jẹ ti di baálé ilé, sẹ́ńtà wa kan náà sì ni ìyàwó rẹ̀ ń gbé ọmọ lọ fún àjẹsára. Mo yà síbẹ̀ ní oṣù tó kọjá láti kí àwọn tí mo fi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti kun ilé náà, tuntun sì ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Mo ṣí i dé ojú ìwé tí a ti ń kọ ohun tó bu ènìyàn jẹ: ajá, ejò, àkeekèé, òmíràn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì